Ilẹ̀kùn Tí Mo Gbẹ́ fún Dúrótìmí ní Ìlú Àìlẹ́nuọ̀nà

Ẹ sún mọ́ra, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tó bá ní ẹ̀pà lẹ́nu, kó tètè gbé e mì, nítorí ọ̀nà tí mo fẹ́ mú yín gbà lónìí, ẹni tó ń jẹun kì í gbà á kọjá. Ẹ má sì bi mí bóyá òótọ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá odò jìn, ẹsẹ̀ ni yóò fi wọ̀ ọ́, kì í fi ẹnu wọ̀ ọ́. Èmi ti wọ̀ ọ́, mo sì ti jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ ló kù kí n má jáde mọ́.

Èmi ni Ọdẹ́tókun, ọmọ Láwálé káfíńtà. Irun funfun àti ẹnu tí kò léyìn mọ́ ni ẹ̀yin bá lára mi, ẹ kò mọ èmi gan-an. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, bí mo bá wọ igbó báyìí, àwọn ẹranko a máa dágbére fún ọmọ wọn. Mo yìnbọn sí ẹkùn kan rí, ọta kò bà á, ìró orúkọ mi ló pa á. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, awọ rẹ̀ wà ní yàrá mi, ẹ lọ wá ojú ọta lára rẹ̀ bóyá ẹ óò rí i.

Ṣùgbọ́n bàbá mi kò fẹ́ kí n di ọdẹ. Ó kọ́ mi bí a ti ń fa ayùn, bí a ti ń fi ìfági fá igi títí tí yóò fi máa dán bí ojú omi. Ó mú mi lọ sí ìlú kan ní etí òkun, níbi tí a ti bá olówó kan ṣe ilẹ̀kùn ńlá tí wọ́n to díńgí aláwọ̀ oríṣiríṣi sí lára. Bí oòrùn bá là sí i lówùúrọ̀, ilẹ̀ ìloro ilé náà a dà bí ìgbà tí wọ́n da òdòdó sí i. Iṣẹ́ náà dára lójú mi, àmọ́ ìbọn ló wù mí. Nígbà tí bàbá mi kú, mo kó irin iṣẹ́ rẹ̀ sí àjà, mo gbé ìbọn kọ́ èjìká.

Ní ọdún tí mo ń sọ yìí, Àṣàkẹ́ ìyàwó mi lóyún, oyún náà sì ti wọ oṣù rẹ̀. Ó ní ẹran ẹfọ̀n ló ń wu òun jẹ. Mo mú ìbọn, mo mú àpò ọta, mo ní kó gbé omi ọbẹ̀ kaná.

Ó ní, "Má pẹ́ o, bàbá ọmọ mi."

Mo ní, "Kí omi yẹn tó hó, mo ti dé."

Bí mo ṣe jáde nílé nìyẹn.

Mo rí ẹfọ̀n lóòótọ́. Mo yìnbọn lù ú ní èjìká, ó sá, mo tẹ̀lé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àfi bí ẹ̀jẹ̀ náà ṣe wọ Igbó Àdìmọ́ra lọ. Àwọn baba wa ti sọ fún wa pé kí ọdẹ má wọ igbó yẹn, nítorí pé àwọn igi ibẹ̀ máa ń di ara wọn mú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti rí ẹran kì í rántí baba. Mo wọlé. Bí mo ti ń lọ ni mò ń gbọ́ ìró kan lẹ́yìn mi, kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí obìnrin ń hun ẹní. Mo bojú wẹ̀yìn. Àwọn igi ti na apá, wọ́n ti di ara wọn mú láti ilẹ̀ dé òkè, kò sí àyè tí ìka ọwọ́ lè gbà. Ọ̀nà tí mo gbà wọlé ti di ògiri.

Mo bínú. Mo pe egbé, oògùn tó ń gbé ọdẹ kúrò nínú ewu, tí bàbá ìyá mi fún mi. Egbé gbé mi lóòótọ́, ó gbé mi sókè fíìì, orí mi lọ gbá ẹ̀ka igi, mo sì já bọ́ síbi tí mo ti gbéra gan-an. Mo tún pè é. Ó tún gbé mi, mo tún já bọ́. Nígbà tí orí mi wú bí iṣu ewùrà, mo gbà pé ìrìn ẹsẹ̀ ló kù.

Iwájú nìkan ló ṣí sílẹ̀. Mo rìn títí mo fi bá ẹnìkan tó jókòó sórí òkúta, tó kẹ̀yìn sí mi. Mo yí i po kí n lè rí ojú rẹ̀. Ó tún kẹ̀yìn sí mi. Mo tún yí i po. Ìgbà yẹn ni mo wá rí i pé ẹni náà kò ní ojú rárá, ìpàkọ́ ló ní níwájú àti lẹ́yìn. Onípàkọ́méjì lorúkọ rẹ̀, òun sì ni aṣọ́nà ibẹ̀.

Ó ní, "Ọdẹ, àlọ́ kan ni mo ní fún ọ. Kí ló wà nínú ilé tó tún wà níta? Ó máa ń rí àlejò kí baálé ilé tó rí i. Gbogbo ará ilé ló ń gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá, òun kò sì kúrò níbi tó wà."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọmọ káfíńtà ni mí. Mo rẹ́rìn-ín, mo na àyà jáde bí àkùkọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Mo ní, "Ṣé èyí náà ni àlọ́? Ilẹ̀kùn ni."

Onípàkọ́méjì dìde. Ó ní, "Láti ìgbà tí mo ti ń bi àwọn ọdẹ ní àlọ́ yìí, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, mo fi ọ̀nà ilé wọn hàn wọ́n. Ìwọ tí o mọ̀ ọ́n, ọba ń wá ọ."

Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ, ẹnu òrofó ní í pa òrofó. Ó di ọwọ́ mi mú. Mo gbìyànjú láti gba ọwọ́ mi, ó dà bí ẹni tó fẹ́ gba ọwọ́ lẹ́nu ọ̀nì. Ògiri amọ̀ gíga kan wà níwájú wa, tí kò ní ẹnu-ọ̀nà, tí kò ní fèrèsé. Ó wọ inú ògiri náà bí èéfín ti ń gba inú koríko ilé, ó sì fà mí tẹ̀lé ara rẹ̀. Mo gbọ́ tí amọ̀ ń fi ara pa mí láti orí dé ẹsẹ̀, tútù bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́. Nígbà tí mo lajú, mo ti wà ní Ìlú Àìlẹ́nuọ̀nà.

Bí ìlú náà ti rí nìyí. Ilé pọ̀ níbẹ̀ bí òlú, kò sí èyí tó ní ẹnu-ọ̀nà. Àwọn igi ti bo òkè pátápátá, oòrùn kì í wọ ibẹ̀, ìmọ́lẹ̀ wọn dà bí omi eérú. Àwọn ará ìlú ń gba inú ògiri wọlé, wọ́n ń gba inú ògiri jáde, wọn a sì máa kí ara wọn nígbà tí ìdajì ara wọn ṣì wà nínú amọ̀. Bí ènìyàn bíi tèmi bá di ọwọ́ wọn mú, yóò kọjá. Bí wọ́n bá jọ̀wọ́ rẹ̀, ibi tí wọ́n bá jọ̀wọ́ rẹ̀ sí ló wà, bí èkùrọ́ inú èèpo.

Wọ́n mú mi dé iwájú Ọba Adìímú. Ọba náà ga, ó tín-ín-rín, ọwọ́ rẹ̀ gùn dé orúnkún, ojú rẹ̀ sì rí bí ojú ẹni tí kò sùn láti ọjọ́ pípẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀.

Ó ní, "Ìwọ lo mọ ilẹ̀kùn?"

Mo ní, "Kábíyèsí, mo mọ̀ ọ́n."

Ó ní, "Mo fẹ́ ìyàwó kan nínú àwọn ènìyàn yín. Ó bí ọmọbìnrin kan fún mi. Ọmọ náà mú ara ìyá rẹ̀, ara rẹ̀ wúwo, kò lè dá gba inú ògiri kọjá. Nígbà tí ìyá rẹ̀ ń kú lọ, ó ní kí n ṣe ilẹ̀kùn fún ọmọ òun. N kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kó tó sọ fún mi, ẹ̀mí bọ́. Orin kan ló máa ń kọ fún ọmọ náà nípa rẹ̀, òun ni mo sọ di àlọ́. Sọ fún mi, kí ni ilẹ̀kùn ń ṣe?"

Mo sọ fún un. Mo ní ó ń ṣí, ó ń pa dé, a ń gbà á wọlé, a ń gbà á jáde. Mo sọ fún un nípa èyí tí èmi àti bàbá mi ṣe ní etí òkun, tí díńgí wà lára rẹ̀, tí oòrùn ń gbà kọjá. Ibẹ̀ ni ọba ti gbé ojú sókè.

Ó ní, "Ọmọ mi kò rí oòrùn rí, àfi lẹ́ẹ̀kan. Mo la ihò sí ògiri nígbà tó wà ní kékeré, ìmọ́lẹ̀ gún un lójú, ojú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. Mo dí ihò náà. Ṣé oòrùn tó bá gba ara díńgí aláwọ̀ wọlé yóò gún un lójú?"

Mo ní, "Rárá, Kábíyèsí. Àwọ̀ yóò gba oró rẹ̀."

Ó ní, "Nígbà náà, ṣe ilẹ̀kùn fún un. Gbogbo ohun tí o kà sílẹ̀ ni mo fẹ́, àfi ọ̀kan. N kò fẹ́ kó ṣí."

Mo rò pé mo ṣì gbọ́ ni. Mo ní, "Kábíyèsí, ilẹ̀kùn tí kò ṣí, ògiri ni."

Ó ní, "Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Dúrótìmí ni mo sọ ọ́. Bó bá jáde, kò ní padà. Ṣe é kó lẹ́wà, ṣe é kó mọ́lẹ̀, má ṣe é kó ṣí. Bó bá ti parí, n óò ní kí wọ́n mú ọ lọ sílé."

Wọ́n fà mí gba inú ògiri kan sí òmíràn títí wọ́n fi jọ̀wọ́ mi sínú yàrá ńlá kan tó wà ní ìpẹ̀kun ìlú. Fìtílà ẹyọ kan ló ń jó níbẹ̀. Obìnrin arúgbó kan jókòó ti iná ẹ̀yín pẹ̀lú ẹwìrì lọ́wọ́, ọmọbìnrin kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó fi ọwọ́ bo ojú nítorí iná náà.

Arúgbó náà wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Kí ni wọ́n ní kí ìwọ ṣe?"

Mo ní, "Ilẹ̀kùn, ìyá."

Ó ní, "Ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n ní kí n wá yọ́ ìgò fi ṣe fún ọmọ yìí nígbà tó ń rákò. Wọ́n ní bí mo bá ṣe é tán, wọn yóò mú mi lọ sílé. Wo ọmọ náà bó ṣe dàgbà tó."

Àwẹ̀ró lorúkọ ìyá náà. Ẹ gbọ́, mo ti kojú kìnnìún, mo ti bá erin wọ̀yá ìjà lórí afárá, àyà mi kò já rí. Ọjọ́ tí Àwẹ̀ró sọ ọ̀rọ̀ yẹn ni mo jókòó sílẹ̀ tí n kò lè dìde.

Ohun tó wá burú jù ni pé ògiri yàrá náà, apá kan rẹ̀, ayé wa ló kọjú sí. Ìyá Dúrótìmí ló bẹ ọba kó kọ́ ilé òun síbẹ̀, kó lè máa gbọ́ ohùn àwọn ènìyàn rẹ̀. Bí mo bá fi etí ti ògiri yẹn, mò ń gbọ́ ìró ọmọ odó tó ń gún iyán. Mò ń gbọ́ àkùkọ, mò ń gbọ́ ọmọdé tó ń ké. Mo mọ̀ pé omi ọbẹ̀ Àṣàkẹ́ ti gbẹ. Mo pariwo orúkọ rẹ̀ títí ohùn mi fi há.

Àwẹ̀ró ní, "Pa ohùn rẹ mọ́. Èmi náà ti kígbe. Bí igbe wa bá gba ara ògiri yìí jáde, igbe ẹyẹ ló ń dà létí wọn."

N kò gbà á gbọ́. Mo tún kígbe. Mo wá gbọ́ ohùn ọkùnrin kan níta, ó súnmọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ǹ bá fi ọwọ́ kàn án bí kò bá sí amọ̀. Ó ń sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé, "Ẹyẹ wo ló ń ké báyìí? Jẹ́ ká kúrò níbí." Ìró ẹsẹ̀ wọn lọ díẹ̀díẹ̀, n kò sì gbọ́ ọ mọ́. Láti ọjọ́ náà n kò kígbe mọ́.

Iṣẹ́ ló kù. Àwọn ará ìlú náà kó irin iṣẹ́ wá, àwọn èyí tí wọ́n ti jí kó lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn: ayùn eléyín kíká, ìfági, òòlù, irin ìgbẹ́gi. Mo ní igi ọ̀gànwó ni mo fẹ́. Wọ́n gbé ìtì rẹ̀ gba inú ògiri wá, ó ṣì ń sun omi. Igi tútù ni, ó sì ní láti gbẹ.

Mo rò ó lọ́kàn mi pé kí n fi tútù ṣe é, kí n tètè parí, kí n mọ̀ bóyá ọba yóò mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Mo gbé ayùn. Àwẹ̀ró di ọwọ́ mi mú.

Ó ní, "Kí ni igi tútù máa ń ṣe bó bá gbẹ?"

Mo ní, "Ó máa ń lọ́."

Ó ní, "Bó bá lọ́, díńgí yóò fọ́. Bí díńgí bá fọ́, wọn yóò ní ká tún un ṣe. Ọmọ mi, ẹni tó bá kánjú jáde nínú ẹ̀wọ̀n, inú ẹ̀wọ̀n mìíràn ni yóò já sí."

A là á sí pákó, a to ó sí ẹ̀gbẹ́ iná ẹwìrì, a jókòó. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì jókòó máa wo pákó kó gbẹ rí, nígbà tí ìyàwó yín ń rọbí níbì kan tí ẹ kò lè dé, ẹ má sọ fún mi pé ẹ mọ ohun tó ń jẹ́ sùúrù. Ọjọ́ kan, mo fi etí ti ògiri, mo gbọ́ orin ìsọmọlórúkọ láti òkèèrè. Ó lè jẹ́ ọmọ ẹlòmíràn. Mo jókòó síbẹ̀, mo fi orí ti amọ̀ náà, Dúrótìmí sì wá jókòó tì mí.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni wọ́n ń kọrin sí?"

Mo ní, "Ọmọ tuntun ni. Wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ."

Òun náà fi etí ti ògiri. Ó ní, "Orúkọ tèmi, bàbá àti ìyá mi nìkan ló gbọ́ ọ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ mí lórúkọ."

Bí igi ti ń gbẹ, Àwẹ̀ró ń yọ́ ìgò. Ìgò aláwọ̀ ewé, ìgò oògùn tó búlúù bí aṣọ aró, ìgò pupa, àti àwọn ìlẹ̀kẹ̀ tó ti ṣe fún ọmọ náà láti kékeré. Dúrótìmí fúnra rẹ̀ ló tú wọn kúrò lọ́rùn, tó ní kí ìyá dà wọ́n sínú iná. Ìyá náà ń dà á sórí òkúta pẹlẹbẹ, yóò tutù, yóò di awẹ́ díńgí tín-ín-rín. Èyí tó dúdú jù ni a kọ́kọ́ gbé sí iwájú fìtílà, kí Dúrótìmí wò ó. Ó pa ojú dé, ó la ojú, omi bọ́ lójú rẹ̀. Kò kúrò níbẹ̀.

Ó ní, "Kí ni ẹ ń pe èyí?"

Àwẹ̀ró ní, "Aró ni."

Ọjọ́ tó bá ti lè wo ọ̀kan láìsunkún, a ó gbé èyí tó mọ́lẹ̀ jù ú lọ wá. Ó lè wo aró, ó lè wo ewé, ó lè wo pupa. Nígbà tó lè wo èyí tó rí bí àwọ̀ ìyeyè, ó béèrè bóyá ohun tó tún mọ́lẹ̀ jù ú lọ wà. Mo ní ó wà. Ó ní kí a máa bá a lọ.

Bí a ti fẹ́ to díńgí pọ̀, a kò rí ohun tí a ó fi so wọ́n mọ́ra. Òjé ni a fi ṣe é ní etí òkun, òjé kan kò sì sí nílùú náà àfi èyí tó wà nínú àpò mi, ọta ìbọn mi. Mo wo àpò náà pẹ́. Gbogbo ìgbẹ́kẹ̀lé mi pé bọ́jọ́ kan ṣe ọjọ́ kan, n óò yìnbọn fún ẹnìkan nílùú yìí kí n tó kú, inú àpò yẹn ló wà. Mo da wọ́n sínú ìkòkò Àwẹ̀ró, wọ́n yọ́. Ọdẹ tí kò ní ọta, káfíńtà ni. Ọmọ Láwálé tún padà sí ìdí iṣẹ́ bàbá rẹ̀.

Mo wá fi gbogbo ohun tí mo mọ̀ ṣe é. Mo gbẹ́ ihò sí pákó kan, mo gbẹ́ ahọ́n sí èkejì, mo fi ahọ́n bọ ihò láì lo ìṣó. Mo gbẹ́ ẹfọ̀n sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, àti ìgbín kan tí ìkarahun rẹ̀ yọ jáde tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ lè dì í mú. Díńgí wà láàárín, a tò ó bí oòrùn tó ń yọ lẹ́yìn òkè.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ gbẹ́ férémù, Dúrótìmí ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí tí ẹ bá bàbá yín ṣe, ó ń ṣí?"

Mo ní, "Ó ń ṣí."

Ó ní, "Èyí ńkọ́?"

Mo wo Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró ń wo iná. Mo mọ̀ pé bí ọba bá rí i pé ilẹ̀kùn náà ń ṣí, yóò fi wá sínú ògiri, yóò jọ̀wọ́ wa láàárín amọ̀ ibẹ̀, níbi tí a kò ti ní wọlé, tí a kò sì ní jáde títí láé. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Ó ní, "Mo ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi."

Mo gbẹ́ ètè tó yọ díẹ̀ sí ara férémù ní apá òde, kí ilẹ̀kùn fi ara ti ètè náà. Ẹni tó bá wà nínú yàrá tó bá ń tì í, bó ní agbára erin, ilẹ̀kùn kò ní mì. Ṣùgbọ́n bó bá di ìkarahun ìgbín yẹn mú tó bá fà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀, yóò ṣí. Àwọn tó ń gba inú ògiri kọjá kò fa ilẹ̀kùn rí láyé wọn. Ibẹ̀ ni mo fi ìrètí mi sí.

Ọba wá pẹ̀lú àwọn ìjòyè rẹ̀. A gbé ilẹ̀kùn àti férémù ti ògiri ọ̀nà òde. Ọba fi ọwọ́ gígùn rẹ̀ pa amọ̀ náà, ògiri tí férémù yí ká sì yọ́ kúrò. Ọ̀sán ni níta. Oòrùn gba ara díńgí wọlé.

Gbogbo yàrá náà kún fún àwọ̀. Aró wà lára ògiri, pupa wà nílẹ̀, ìyeyè wà lára aṣọ Dúrótìmí. Àwọn ìjòyè sá wọ inú ògiri, wọ́n yọ ojú nìkan. Dúrótìmí dúró sí àárín rẹ̀, kò bo ojú. Ó na ọwọ́, ó ń wo bí àwọ̀ ti ń rìn lórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ọba wò ó títí. N kò rí ẹni tó wo ọmọ báyẹn rí.

Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi. Ó ní, "Ṣé kì í ṣí?"

Mo ní, "Kí Kábíyèsí tì í wò."

Ó tì í. Ilẹ̀kùn kò mì. Ó pe àwọn ìjòyè, gbogbo wọn fi èjìká tì í, wọ́n ń mí hẹlẹ hẹlẹ. Ilẹ̀kùn dúró. Ọkàn mi ti ń balẹ̀ nígbà tí ọba ní, "Ẹ dúró. Jẹ́ kí n tì í láti òde náà."

Kò sí ẹni tó lè dá a dúró. Ó gba inú ògiri kọjá, ó bọ́ síta. Mo mọ̀ pé ó ti tán fún wa, nítorí ẹni tó bá tì í láti òde, inú yàrá ni ilẹ̀kùn yóò ṣí sí. Àwọn ìjòyè wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wo èmi àti Àwẹ̀ró, a kò lè sún. Dúrótìmí ló rìn lọ síbẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó fẹ́ wo díńgí dáadáa. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé díńgí, ó fi gbogbo ara tì í.

Mo rí òjìji ọba lẹ́yìn díńgí náà. Mo rí i tó gbé ọwọ́ sókè. Ó tì í. Ilẹ̀kùn fà sẹ́yìn díẹ̀, bí ìbú èékánná, ìlà oòrùn funfun kan wọlé, ó ge ilẹ̀ sí méjì. Ẹsẹ̀ Dúrótìmí yọ̀. Ó tún fi ara tì í, ìlà náà pa dé.

Ọba dúró. Díńgí ló wà láàárín òun àti ọmọ rẹ̀. Ó rí ọwọ́ rẹ̀. Ó rí i pé kì í ṣe igi ló ń dá òun padà. Ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé ibi tí ọwọ́ ọmọ náà wà, ọwọ́ gígùn lórí ọwọ́ kékeré, kò sì tì í mọ́. Wọ́n wà bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ èémí Àwẹ̀ró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Lẹ́yìn ìgbà tó pẹ́, òjìji náà kúrò lára díńgí, ọba sì gba inú ògiri wọlé padà.

Ó kọjú sí àwọn ìjòyè rẹ̀. Ó ní, "Ilẹ̀kùn yìí kò ṣí. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Wọ́n lọ. Òun ló kẹ́yìn wọn. Kó tó wọ inú ògiri, ó sọ fún ọmọ rẹ̀ láìbojú wẹ̀yìn pé, "Oòrùn ìrọ̀lẹ́ kì í gún ojú bí ti ọ̀sán."

A dúró de ìrọ̀lẹ́. Mo di ìkarahun ìgbín mú, mo fà á, ilẹ̀kùn ṣí. Afẹ́fẹ́ wọlé, ó ń rùn bí èéfín oko àti ewé tútù. Dúrótìmí fi aṣọ bo ojú, ó sì ń ṣí i díẹ̀díẹ̀, bí a ti kọ́ ọ pẹ̀lú díńgí. Nígbà tó ṣí i tán, ó wo oòrùn tó ń wọ̀, ó sì béèrè orúkọ àwọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ mi. N kò mọ èyí tí ǹ bá pè é.

Mo ní kí Àwẹ̀ró bọ́ síta. Kò dìde nídìí iná rẹ̀.

Ó ní, "Ta ni mo fẹ́ lọ bá? Àwọn tó mọ̀ mí ti kú. Àti pé bí gbogbo wa bá lọ, ta ni yóò sọ fún ọba bí ojú ọmọ rẹ̀ ti rí nígbà tó rí oòrùn? Ẹ máa lọ. Ibi tí ilẹ̀kùn bá wà, mo lè lọ nígbà tó bá wù mí."

Dúrótìmí kúnlẹ̀ fún un, ó dì mọ́ ọn. A jáde. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, igi nìkan ni mo rí, n kò rí ìlú, n kò rí ilẹ̀kùn.

Àṣàkẹ́ ti bímọ. Ọmọ náà ti ń fi ọwọ́ ti ògiri rìn nígbà tí mo dé, ó wò mí, ó sì sá lọ bá ìyá rẹ̀. Àṣàkẹ́ kò bi mí níbi tí mo lọ. Ó kàn di etí aṣọ mi mú títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó gba Dúrótìmí bí àbúrò, ó kọ́ ọ ní òwò aṣọ. Kò sí ẹni tó mọ àwọ̀ aṣọ tó Dúrótìmí nílùú wa. Ó fẹ́ ọkọ, ó bímọ, ṣùgbọ́n n kò rí i kó ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ rí, nínú òjò tàbí nínú ẹ̀ẹ̀rùn.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, mo jókòó síwájú ilé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo sì rí arúgbó kan tó ń bọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá. Àpá iná wà lára gbogbo ìka rẹ̀. Àwẹ̀ró ni. Ó ní ojú òun ti ń ṣú, òun kò rí díńgí yọ́ mọ́, òun sì fẹ́ jẹ iyán gbígbóná kí òun tó kú. Dúrótìmí sáré gún iyán. Nígbà tí ìyá náà jẹun tán, Dúrótìmí jókòó sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó béèrè bàbá rẹ̀.

Àwẹ̀ró ní, "Ó wà. Láràárọ̀ ló máa ń wá sí yàrá yẹn. Ó pẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n fà, títì ló kọ́kọ́ ń tì í. Nísinsìnyí ó ti mọ̀ ọ́n. Yóò ṣí i, yóò fi òkúta há a lẹ́sẹ̀ kó má baà pa dé, yóò sì jókòó síbi òjìji, nítorí ara rẹ̀ kò gba oòrùn mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ yóò tún wá."

Dúrótìmí dìde, ó wẹ ọmọ rẹ̀, ó wọ aṣọ tó dára fún un, ó pọ̀n ọ́n, wọ́n sì mú ọ̀nà Igbó Àdìmọ́ra lọ. Mo fẹ́ tẹ̀lé wọn. Àṣàkẹ́ ní kí n jókòó.

Ibi tí mo mọ ọ̀rọ̀ náà dé nìyẹn, n kò ní fi irọ́ ṣe àfikún rẹ̀. Ẹni tó bá ń lọ sílé, kó gba ẹ̀gbẹ́ kànga, ojú ọ̀nà ti rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó sí i, ẹ jẹ́ kó bu omi fún mi mu.